Irùngbọ̀n Kọ́lá

Ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó gbẹ mọ́ ẹnu irin ìfági mi, ó funfun, irun kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé irin náà lọ sójú fèrèsé, mo wò ó dáadáa. Kì í ṣe eérún igi. Irùngbọ̀n ni.

Inú bí mi. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ káfíńtà rí lè má mọ ìdí. Ìfági ni irinṣẹ́ tí a fi ń fá ara pákó kó lè dán. Igi ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ikùn rẹ̀, irin yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, ńṣe ni pákó á máa ya. Pípọ́n rẹ̀ lórí òkúta lè gba odindi àárọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn bà á jẹ́ ni. Bàbá Fálọlá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní òun lè yá ènìyàn ní bàtà òun, òun lè yá a ní kẹ̀kẹ́ òun, ṣùgbọ́n irin ìfági òun, àfi kí onítọ̀hún dúró di ọjọ́ tí òun bá kú. Nígbà tó kú, èmi ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e fún. Irin yẹn gan-an ni ẹnìkan fi fá irùngbọ̀n.

Ilé àtúnṣe kan tó wà lẹ́yìn Àrámọkọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa. Koríko ti bo ọ̀nà ibẹ̀, ẹni tó bá ń gba títì kọjá kò lè mọ̀ pé ilé kan wà níbẹ̀ rí. Àwọn ará ìlú kì í pè é ní ilé àtúnṣe. Ẹ̀wọ̀n ọmọdé ni wọ́n ń pè é. Ayé òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ nípọn, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ilẹ̀. Agogo irin kan wà lára igi máńgòrò níwájú ọ́fíìsì. Òun ló ń jí wa, òun ló ń pè wá jẹun, òun ló ń lé wa lọ sùn. Di òní, bí mo bá gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ fẹ́ yára kí n tó rántí pé mi ò ní ibi tí mò ń yára lọ.

Àwọn ọmọ kan ń kọ́ iṣẹ́ oko níbẹ̀, àwọn kan ń kọ́ aṣọ rírán. Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní káfíńtà. Tísà ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí èmi fúnra mi pẹ́ kí n tó wọ iléèwé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí. Hẹ́dìmásítà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí, kí o fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, o ti tó iléèwé. Bí kò bá kàn án, wọ́n á ní kí o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ara mi kéré, apá mi kúrú. Ọdọọdún ni bàbá mi ń mú mi lọ, ọdọọdún ni ìka mi ń dúró lókè etí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Àwọn tí a jọ ń ṣeré ti ń ka ìwé geere kí ọwọ́ mi tó kan etí. Nígbà tí mo sì wọlé tán, Bàbá ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ara ènìyàn lè purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo rí ọṣẹ lẹ́nu irin, mo ní kí àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́, kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àgbọ̀n wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìkọ̀gòsì kan wà láàárín wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Ó ní, "Tísà, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́yàwó fún wa ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, mo kọjú sí ògiri.

Àgbọ̀n ọmọ kan ṣoṣo ló jọ èyí tí wọ́n fá, ojú ọgbẹ́ kékeré sì wà lára rẹ̀. Kọ́lá ni, ọmọ Ìjurin. Ara rẹ̀ kéré, kì í sì í sọ̀rọ̀. Òun nìkan ni mo lè gbé pákó ìrókò fún kí n sì jáde lọ láì bojú wẹ̀yìn. Nínú ìwé wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Mo ní kí àwọn yòókù jáde. Mo bi í pé irú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wo ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń fẹ́ abẹ.

"Ó ń yún mi ni, Tísà."

"Àwọn wọ́dà ní abẹ. Kí ló dé tí o kò béèrè lọ́wọ́ wọn?"

"Bí mo bá béèrè, wọ́n á mọ̀ pé ó ti ń hù."

"Bí wọ́n bá wá mọ̀ ńkọ́?"

Ó mú eérún igi kan lórí tábìlì, ó ń ká a mọ́ ìka.

"Wọ́n á mú ìyá mi."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfin tí à ń lò nígbà náà, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́. Àtayé òyìnbó ló ti wà. Ó ní ọmọdé tó bá ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ bá àgbàlagbà ṣẹ̀wọ̀n, ilé àtúnṣe ni kí wọ́n mú un lọ. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ka oṣù fún un bó ti ń kà á fún àgbà. Ọjọ́ orí ọmọ ló ń wò. Ó lè ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ wa títí yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Ọjọ́ tó bá ti pé e, kò sí ẹni tó láṣẹ láti tún dá a dúró. Ẹ rí i pé bí ọmọ bá ṣe kéré tó nígbà tó wọlé ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó jáde. Ọmọ méjì lè jọ jí ewúrẹ́ kan náà, kí èyí ẹ̀gbọ́n ti délé kí èyí àbúrò tó mọ ojú agbègbè náà tán. Àwọn tó ṣe òfin náà lè ní èrò rere lọ́kàn, wọ́n rò pé ọmọdé ni ẹ̀kọ́ máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ lára. Èmi kò bá òfin jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kọ́lá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn géńdé kan lọ kó kòkó gbígbẹ tí ẹlòmíràn sá sórí ẹní. Àwọn géńdé sá lọ, wọ́n bá àpò lórí Kọ́lá. Nígbà tí wọ́n dé kọ́ọ̀tù, ẹnìkan tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ gba ìyá náà nímọ̀ràn. Ó ní bí ọmọ bá kéré, wọ́n á kàn nà án ní ẹgba díẹ̀, wọ́n á ní kó máa bá ìyá rẹ̀ lọ sílé. Obìnrin náà wọlé, ó gbé Bíbélì sókè, ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ òun. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Adájọ́ wo Kọ́lá, ó rí i bó ṣe rí tín-ín-rín, ó gbà. Ó wá ní kí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ wa títí yóò fi pé méjìdínlógún.

Ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ bù kúrò láti fi gbà á sílẹ̀ ni ó di ọdún méjì sí i lórí rẹ̀.

Kọ́lá sọ gbogbo èyí fún mi láì gbójú sókè. Ó ní ìyá òun rò pé òun kò mọ̀, pé òun gba ohun tó sọ ní kọ́ọ̀tù gbọ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe wá mọ̀. Ó ní ọmọbìnrin kan wà ní ilé tó kọjú sí tiwọn, Ràmọ́tù ni orúkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mu ọmú ìyá rẹ̀. Ìyá Ràmọ́tù mọ iye ààwẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti bá láyé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Ràmọ́tù, ó ti wà nílé ọkọ.

"Nígbà náà, ó yẹ kí o ti wà nílé," ni mo sọ.

"Mo mọ̀, Tísà. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ǹ bá ti ṣe bó ṣe bẹ̀ mí, ká ní kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń lọ láàárín àwa òṣìṣẹ́. Wọ́n fẹ́ dín àwọn ọmọ wa kù. Àwọn tó ṣì ní ọdún níwájú ni wọ́n máa kó lọ sí ilé ńlá kan ní ọ̀nà jíjìn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́lá wà lára wọn. Ìyá rẹ̀ máa ń wá wò ó lóṣooṣù, ó máa ń gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá nínú abọ́ tó fi aṣọ dì, á jókòó sábẹ́ máńgòrò títí agogo á fi lù. Kò lè dé ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ yẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ ìjọ Sì-Éè-Sí. Bó bá ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ẹ̀kọ gbígbóná á ti di tútù kó tó ṣe àmín. Ó gbọ́ mi tán, ó fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní òun náà ti fura. Ṣùgbọ́n òun kò lè dá ọmọ sílẹ̀ nítorí irùngbọ̀n, irùngbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí. Kọ́ọ̀tù tó rán an wá nìkan ló lè ní kó máa lọ, ìyá tó sọ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ padà wá yí i. Ó ní, "Ìwọ ni ọmọ náà fọkàn tán. Lọ bá ìyá rẹ̀."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjurin ní ọjọ́ Sátidé. Mo bá obìnrin náà níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí ẹní. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ káàkí lára mi. Ó dúró gbagidi.

"Ọmọ mi kú ni?"

Mo ní kò kú, ara rẹ̀ le. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé àpótí fún mi, ó bu omi wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dárúkọ ọjọ́ orí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tí òun sọ ní kọ́ọ̀tù lòun sọ. Ó ní bí wọ́n bá rán mi wá láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, kí n padà lọ sọ pé mo ti gbọ́ ọ. Ó padà sídìí kòkó rẹ̀. Obìnrin kan tó ń fẹ́ ẹ̀wà ní ilé iwájú wò mí títí mo fi gun ọ̀kadà, kò kí mi, n kò sì kí i.

Adúkẹ́ ìyàwó mi ń ṣa ìrẹsì lórí atẹ nígbà tí mo délé. Mo ròyìn fún un. Ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe, bó bá ń ronú, ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ.

"Aṣọ wo lẹ wọ̀ lọ, Bàbá Fúnmi?"

Mo ní káàkí ni. Aṣọ iṣẹ́ mi ni.

"Káàkí yẹn lobìnrin náà dá lóhùn. Kò tíì dá yín lóhùn."

Ó ní òun á bá mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, a jọ lọ. Bùbá àti ṣòkòtò ni mo wọ̀. Ìyá Kọ́lá rí wa, kò lè lé wa, nítorí obìnrin wà lẹ́yìn mi tó ń kúnlẹ̀ kí i. Adúkẹ́ kò jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní kòkó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó ti bu kúrò lára èyí tó dára, bí ẹni pé oko bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti kó o wá. Ìyá Kọ́lá ń wò ó. Nígbà tó yá, òun náà jókòó, wọ́n jọ ń ṣà á. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Adúkẹ́ sọ fún un bí àkọ́bí wa ṣe máa ń sunkún tí n bá gbé e, pé òórùn igi ara mi ni kò fẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi jókòó bí àlejò tí wọ́n ti gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni Adúkẹ́ wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti tó.

Mo ní, "Ìyá, Kọ́lá mọ̀."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹní.

"Kí ló mọ̀?"

"Ó mọ iye ọdún tó jẹ́. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kọ́ọ̀tù. Ó ń fi irin ìfági mi fá irùngbọ̀n rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, kí wọ́n má baà mú yín."

Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ó mọ̀," bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Ó tún un sọ. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun fi jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn, tí òun ń sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, ó kù díẹ̀, ó ń dá òun lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, ó kù díẹ̀.

Obìnrin ilé iwájú ti sọdá wá. Òun ni Ìyá Ràmọ́tù. Ó ń ta ẹ̀wà àti epo lọ́jà Ìjerò, ohùn rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí ẹni tó máa bi òun léèrè.

Ìyá Kọ́lá ní, "Ẹnu rẹ tí kì í dákẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló dákẹ́."

"Ta ló ní kí n dákẹ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo di ẹ̀wù mi mú ní kọ́ọ̀tù?"

Ó kọjú sí wa, ó sì sọ bó ṣe rí. Nígbà tí Ìyá Kọ́lá bímọ, ibà mú un dùbúlẹ̀, kò sí omi lọ́mú rẹ̀. Ìyá Ràmọ́tù ti bí tirẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nínú oṣù ààwẹ̀, ó sì gbé ọmọ kejì mọ́ tirẹ̀, ọ̀tún fún Ràmọ́tù, òsì fún Kọ́lá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó lọ sọ fún Ààfáà. Ààfáà wá sí agbo ilé, ó kéde létí gbogbo ènìyàn pé àwọn ọmọ méjèèjì ti di ọmọ ìyá kan, pé wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn láéláé. Ó ní nígbà tí wọ́n ń dàgbà, bí Kọ́lá bá ń ṣe wàhálà pé Ràmọ́tù ni òun máa fẹ́, gbogbo ilé ni yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ Ààfáà. Kò sí ẹni tó dàgbà níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ọmọ tó bá fi ọdún méjì kéré sí ọmọ mi, ọmú wo ló kù tí mo máa fún un?"

Ìyá Kọ́lá wò mí. "Bí mo bá lọ sọ ọ́, wọ́n lè tì mí mọ́lé?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Adúkẹ́ ń wò mí, n kò lè purọ́. Mo ní, "Mi ò lè sọ pé wọn ò ní tì yín mọ́lé, Ìyá."

Àwọn adìyẹ ń jẹ̀ lẹ́bàá ẹní, kò sí ẹni tó lé wọn. Ìyá Ràmọ́tù ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Èmi á máa bá ọ sá kòkó rẹ."

Ìyá Kọ́lá dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni kọ́ọ̀tù ń jókòó?"

Ọ̀gá àgbà bá wọn kọ ohun tó yẹ, wọ́n sì dá ọjọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a dé kọ́ọ̀tù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Kọ́lá wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ìdàpọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ìgbálẹ̀ kékeré kan àti ìborùn sínú àpò. Mo bi í pé kí ni ìgbálẹ̀ wà fún. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń gbálẹ̀ ní àtìmọ́lé.

Adájọ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ọkùnrin àgbà kan ni, tó máa ń wo ènìyàn gba òkè gíláàsì. Ó gbọ́ Ìyá Kọ́lá. Ó gbọ́ Ìyá Ràmọ́tù, tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní láti bẹ̀ léraléra pé kó rọra sọ̀rọ̀, kọ́ọ̀tù kì í ṣe ọjà. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun fẹ́ rí Ràmọ́tù. Ọmọbìnrin náà ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ayétòrò wá, ó bọ́ síwájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Adájọ́ ní kí Kọ́lá dúró tì í. Àwọn méjèèjì dúró, ọ̀kan jẹ́ abiyamọ, ọ̀kan wọ ṣòkòtò péńpé ilé àtúnṣe. Irùngbọ̀n Kọ́lá ti hù. Mo ti sọ fún un pé kó má tún fá a.

Ràmọ́tù wo àgbọ̀n rẹ̀, ó ní, "O ti di bàbá arúgbó." Kọ́lá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì. Ó bi Ìyá Kọ́lá bóyá ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn búra kó sì purọ́ níwájú kọ́ọ̀tù, pé òun lè rán an lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Obìnrin náà ní òun mọ̀. Ó ní òun ti mú ìborùn wá.

Ọkùnrin náà nu gíláàsì rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà kò kúrò létí mi rí.

"Ẹ̀wọ̀n tó yẹ kí n dá fún yín, ìyá, ọmọ yín ti ń ṣe é lọ́wọ́. Mi ò ní tún un dá."

Ó kìlọ̀ fún un gidigidi. Ó ní ọmọ náà ti pé ọjọ́ orí, òfin kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tún dá a dúró. Ó ní kó máa lọ.

Kọ́lá ní láti padà sí ilé àtúnṣe láti kó ẹrù rẹ̀, ẹrù náà kò sì ju ohun tó kún apá kan lọ. Dípò kó máa kánjú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé irin ìfági mi, ó da omi sórí òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń dúró. N kò lé e jáde. Nígbà tó parí, ó gbé irin náà fún mi. Mo fi ìka gbo ẹnu rẹ̀. Èmi fúnra mi kò pọ́n ọn dé ibẹ̀ rí, n kò sì sọ ọ́ fún un. Ọ̀gá àgbà gbàdúrà fún un níwájú ọ́fíìsì, àdúrà náà sì kúrú, ó ya gbogbo wa lẹ́nu.

Ó lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ó kọ́ igi gbígbẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbẹ̀. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìjerò báyìí, ó sì ní aya àti ọmọ. Ìyá rẹ̀ àti Ìyá Ràmọ́tù ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹní kòkó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Ìyá Kọ́lá léèrè ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀, tàbí ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, tàbí ti ewúrẹ́ rẹ̀ pàápàá, ohun kan náà ló ń sọ: "Ẹ bi ilé iwájú."

Wọ́n ti ilé àtúnṣe náà pa. Òfin mìíràn dé, wọ́n gbé àwa òṣìṣẹ́ káàkiri. Nígbà tí àìsàn dá Adúkẹ́ dùbúlẹ̀, mo fẹ̀yìn tì kí àkókò mi tó pé, kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó kú nínú ọyẹ́. Èmi ló yẹ kí n kan pósí rẹ̀. Mo ti gbé pákó kalẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà.

Kọ́lá wá. Mi ò ránṣẹ́ pè é. Ó wo pákó, ó wo èmi. Ó ní, "Tísà, mo fẹ́ yá irin ìfági."

Mo gbé e fún un.

Ó fá pákó náà títí tó fi dán bí awọ ara. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ ìró ìfági, ìró kan náà tí Adúkẹ́ máa ń sọ pé ó ń mú òun sùn lọ́sàn-án. Bí eérún igi bá já bọ́, ó ń rọra kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé irin náà padà wá. Ó ti pọ́n ọn, ó ti fi òróró pa á, ó fi aṣọ wé e. Mo ní kó máa mú un lọ. Ó ní Bàbá Fálọlá ni mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn, pé àfi bí ènìyàn bá kú kó tó fi irin ìfági rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ dúró di ìgbà yẹn.

Ó gbà á. Ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n. Ewú ti wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.